Orúkọ Gbọ́dọ̀ Bọ́ Sí Àárín: Ọ̀rọ̀ Àtinúwá Fún Àbúrò Mi Tó Ń Fi Lésà Fín Nǹkan

Àbúrò mi, sún mọ́ mi díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ yìí, àwọn tó ń ta ẹ̀rọ lésà kì í sábà sọ ọ́ fún ẹni tó ń rà á. Wọ́n á sọ bí ẹ̀rọ náà ṣe lágbára tó, wọ́n á sọ ohun tó lè gé àti ohun tó lè fín, wọ́n á sì fi fídíò hàn ọ́ níbi tí iná aláwọ̀ búlúù ti ń sáré lórí pákó. Wọn kò ní sọ fún ọ pé oníbàárà kì í kọ́kọ́ wo bí òdòdó tí o yà ṣe rẹwà tó. Yóò mú kíhódà tí o fín lọ́wọ́, yóò gbé e sókè, ojú rẹ̀ yóò sì kọ́kọ́ wá bóyá orúkọ wà láàárín. Bí orúkọ bá ti fì sápá kan, òdòdó kò lè gbà á sílẹ̀ mọ́.

Ní Òkìtìpupa wa níbí, Sátidé kì í sábà kọjá láìsí ìnáwó. Bí kò bá jẹ́ ìsìnkú ìyá àgbà, á jẹ́ ìgbéyàwó. Bí kò bá jẹ́ ìgbéyàwó, á jẹ́ ìwúyè tàbí ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Ìkòyà, ní Igbótako, ní Òde-Ìrèlè, ní Ìlútítun. Yunifásítì tí wọ́n fi orúkọ Olúṣẹ́gun Agágù sọ, OAUSTECH, wà lọ́dọ̀ wa, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń parí níbẹ̀ sì ń wá àmì ẹ̀yẹ fún olùkọ́ wọn àti fún ara wọn. Abọ́ ike tí wọ́n lẹ bébà mọ́ ṣì ń tà, n kò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fẹ́ ohun tí orúkọ kò ní ṣí kúrò lára rẹ̀: kíhódà onípákó, bírò onígi, ife onírin, pátákó àmì ẹ̀yẹ. Iṣẹ́ gidi ni fún obìnrin tó ní ẹ̀rọ lésà kékeré nínú ṣọ́ọ̀bù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fẹ́ kí o mọ̀ ọ́n ṣe débi pé ará ilẹ̀ Ìkálẹ̀ wa yìí kankan kò ní kọjá níwájú ilé rẹ lọ sí Èkó láti wá ẹni tí yóò bá a fín orúkọ ìyá rẹ̀.

Kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹ̀rọ lésà kò mọ̀ bóyá kíhódà wà níwájú òun tàbí kò sí. Nọ́ńbà nìkan ló mọ̀. Kọ̀ǹpútà á sọ fún un pé kó rìn mìlímítà báyìí sápá ọ̀tún, kó rìn mìlímítà báyìí sókè, kó tan iná. Yóò lọ, yóò sì tan án, ì báà jẹ́ pákó ló wà níbẹ̀, ì báà jẹ́ ojú tábìlì. Theodore Maiman ló tan lésà àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà ní oṣù karùn-ún ọdún 1960. Kumar Patel ló ṣe lésà CO2 ní ọdún 1964, irú èyí tó ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń gé pákó àti acrylic lónìí. Ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa tín-ín-rín gan-an. Lórí àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tó wà lọ́wọ́ wa, ojú iná náà sábà máa ń wà láàárín mìlímítà 0.1 sí 0.2. Nítorí náà, bí orúkọ bá yẹ̀ ní mìlímítà méjì, má bá ẹ̀rọ jà. Ẹni tó gbé nǹkan sórí ẹ̀rọ ló fojú díwọ̀n.

Fífi ojú díwọ̀n yìí ni mo fẹ́ kí o jáwọ́ nínú rẹ̀ pátápátá. Nǹkan kan gbọ́dọ̀ wà nínú iṣẹ́ rẹ tí kì í yẹ̀, tí gbogbo nǹkan yòókù ń wá bá níbi tó wà. Òun là ń pè ní témpílétì: àwòrán ìlà tó bá nǹkan tí o fẹ́ fín mu ní ìwọ̀n, pẹ̀lú ihò rẹ̀ àti igun rẹ̀. Iṣẹ́ ọnà ló ń lọ bá témpílétì, témpílétì kì í lọ bá iṣẹ́ ọnà. Ìmọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ní Abẹ́òkúta, àwọn ọkùnrin máa ń gé bátánì sára páànù síńkì, wọ́n á tẹ́ ẹ lé aṣọ, wọ́n á fi ẹ̀kọ pa á kọjá, kí wọ́n tó gbé aṣọ náà lọ rẹ sínú aró. Bí wọ́n ṣe ṣe ọ̀pọ̀ àdìrẹ Olóbà nìyẹn, èyí tí wọ́n fi ṣe àjọyọ̀ ọdún kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí Ọba George Karùn-ún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gun orí ìtẹ́, ní ọdún 1935. Aṣọ ń lọ, aṣọ ń bọ̀, páànù kò yí padà. Tìrẹ wà nínú kọ̀ǹpútà, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò ju ìyẹn lọ.

Ara nǹkan náà ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, má ṣe bẹ̀rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Ra kálípà, irú èyí tó ń fi nọ́ńbà hàn, má fi rúlà ọmọ ilé-ìwé wọn kíhódà. Má gba ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára páálí gbọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Mú díẹ̀ láti òkè páálí, mú díẹ̀ láti àárín, mú díẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kí o wọn gbogbo wọn, nítorí ọjà olówó pọ́ọ́kú kì í sábà dọ́gba. Wọn gígùn, wọn fífẹ̀, wọn bí ihò ṣe tóbi tó àti bó ṣe jìnnà sí etí. Àwọn nǹkan kan wà tí ayé ti fi ìwọ̀n wọn ṣe òfin: káàdì onírin tàbí ti pákó tó rí bíi káàdì ATM jẹ́ mìlímítà 85.6 sí 53.98, bébà A4 sì jẹ́ 210 sí 297. Àwọn yẹn, o lè yà wọ́n láìbẹ̀rù. Yòókù, wọ̀n ọ́n fúnra rẹ.

Bí o bá wá gba témpílétì láti ọwọ́ ẹlòmíràn tàbí láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun àkọ́kọ́ tí o máa ṣe lẹ́yìn tí o bá ti ṣí i ni pé kí o tẹ̀ ẹ́, kí o wo ìwọ̀n rẹ̀. Ínǹṣì kan jẹ́ mìlímítà 25.4. Fáìlì tí ẹni tó yà á fi ínǹṣì yà lè ṣí lọ́dọ̀ rẹ bí ẹni pé mìlímítà ni, kíhódà á sì wá kéré bí ẹ̀wà. Èyí tó burú jù ni àṣìṣe kékeré tí ojú kò lè rí. Sọ́fítíwià ìyàwòrán Inkscape ti àtijọ́ ka ínǹṣì kan sí píksẹ́lì 90. Láti ẹ̀dà 0.92 tó jáde ní ọdún 2017 ló ti ń kà á sí 96. Illustrator ń ka tirẹ̀ sí 72. Fáìlì SVG kan náà lè tipa bẹ́ẹ̀ tóbi jù tàbí kéré jù nígbà tó bá kúrò nínú sọ́fítíwià kan bọ́ sínú òmíràn. LightBurn, sọ́fítíwià tí a fi ń darí ẹ̀rọ lésà, fún ọ ní ibi tí o ti lè yan 72 tàbí 96 kó tó gba fáìlì wọlé. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni yíyẹ̀ ẹ́ wò ń gbà, o sì ti bọ́ lọ́wọ́ bíba odidi páálí kan jẹ́.

Gbé témpílétì náà sí ìpele (layer) tirẹ̀. Má jẹ́ kó jókòó pọ̀ mọ́ iṣẹ́ ọnà, nítorí ìlà rẹ̀ wà fún ojú rẹ nìkan, kò gbọdọ̀ dé ara pákó. Nínú LightBurn, ìpele méjì wà tí wọ́n pè ní T1 àti T2, ní ìparí ìlà àwọ̀ tó wà nísàlẹ̀; ohunkóhun tó bá wà lórí wọn, ẹ̀rọ kò ní jó o. Ibẹ̀ ni ilé témpílétì. Nínú CorelDRAW tí a fi ń yàwòrán, ṣí ìpele tuntun, kí o pa àmì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ní jáde mọ́. Tún fún un ní àwọ̀ tí o kì í lò fún nǹkan mìíràn. Bí àwọ̀ kan náà bá ń túmọ̀ sí témpílétì nínú gbogbo fáìlì rẹ, ojú rẹ yóò mọ̀ ọ́n lálẹ́ nígbà tí oorun bá ti ń kùn ọ́.

Ó kù kí a mú iṣẹ́ ọnà àti témpílétì bá ara wọn. Orúkọ wà, ọjọ́ wà, àwòrán òdòdó tàbí àgbélébùú wà. So gbogbo wọn pọ̀ kí o tó ṣe ohunkóhun: yàn wọ́n, tẹ Ctrl àti G. Jọ̀wọ́ má fo ibí yìí. Bí o kò bá so wọ́n pọ̀, tí o sì ní kí sọ́fítíwià mú wọn lọ sáàárín, orúkọ á lọ sáàárín, ọjọ́ á lọ sáàárín, òdòdó náà á lọ sáàárín, gbogbo wọn á gun ara wọn lórí. Lẹ́yìn tí o bá ti so wọ́n pọ̀, kọ́kọ́ tẹ iṣẹ́ ọnà náà, di Shift mú, kí o wá tẹ témpílétì kẹ́yìn. Èyí tí o tẹ̀ kẹ́yìn ni kò ní sún kúrò níbi tó wà. Báyìí ló rí nínú CorelDRAW, báyìí ló rí nínú LightBurn. Nínú Inkscape, ìwọ fúnra rẹ ni yóò sọ fún un pé èyí tí o yàn kẹ́yìn ni kí wọ́n wá bá. Bí o bá tẹ̀ wọ́n lódìlódì, témpílétì ni yóò dìde lọ bá òdòdó, gbogbo ìwọ̀n tí o ti wọ̀n á sì dàrú láìjẹ́ pé o mọ̀. Nínú CorelDRAW, lẹ́tà C ń mú un wá sáàárín láti òsì sí ọ̀tún, lẹ́tà E ń mú un wá sáàárín láti òkè sí ìsàlẹ̀. Lẹ́tà P náà wà, àárín ojú ewé ni ó ń gbé nǹkan lọ. Fi í sílẹ̀, kì í ṣe ojú ewé lo fẹ́ fín. Nígbà tí wọ́n bá ti bára mu tán, ti témpílétì pa, kí máòsì má baà fà á.

Àárín tí kọ̀ǹpútà mọ̀ kì í ṣe àárín tí ojú ènìyàn mọ̀ nígbà gbogbo. Wo kíhódà tó ní ihò lókè. Bí o bá gbé orúkọ sáàárín gbogbo pákó náà, yóò dà bí ẹni pé ó ń gun ihò lọ. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń ya àpótí kékeré kan sínú témpílétì, láti ìsàlẹ̀ ihò títí dé nǹkan bíi mìlímítà mẹ́ta sí etí ìsàlẹ̀, pẹ̀lú àlàfo kan náà lápá méjèèjì. Àpótí yìí náà kò ní jáde. Òun ni mo ń mú iṣẹ́ ọnà bá, n kì í mú un bá etí pákó. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún pátákó àmì ẹ̀yẹ tó ní ẹsẹ̀, ṣe bẹ́ẹ̀ fún bírò tó ní ìkọ́, ṣe bẹ́ẹ̀ fún ohunkóhun tí apá kan ara rẹ̀ kò ṣeé kọ̀wé sí.

Ibi tó dùn mí jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni mo dé yìí, nítorí ó kan orúkọ wa. Sọ́fítíwià ń wọn orúkọ láti góńgó òkè rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá, pẹ̀lú gbogbo àmì tó wà lórí rẹ̀ àti gbogbo àmì tó wà lábẹ́ rẹ̀. Fín "Tádé" sára kíhódà kan, kí o fín "Ṣọlá" sára èkejì, kí o sì ní kí kọ̀ǹpútà mú méjèèjì lọ sáàárín. Àmì tó wà lábẹ́ "Ṣọlá" á wọ́ ìwọ̀n rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, kọ̀ǹpútà á wá ti àwọn lẹ́tà rẹ̀ sókè láti fi dọ́gba. Bí o bá to kíhódà méjèèjì síra, orúkọ kan ga ju èkejì lọ. Oníbàárà kò ní mọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n yóò mọ̀ pé nǹkan kan kò lọ déédéé. Lẹ́tà tó ní ìrù bíi j, p àti y náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ àwa tó ń kọ Yorùbá ni ó ń bá jù, nítorí orúkọ wa kún fún àmì.

Àwọn kan ti rí ojútùú kan sí i tí n kò fara mọ́ láéláé: wọ́n á yọ àmì kúrò, "Ṣọlá" á di "Sola", wọ́n á ní ó ti dọ́gba. Àbúrò mi, má ṣe é. Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ẹni tó wá fín orúkọ ìyá rẹ̀ tó ti lọ sára àádọ́ta ife kò wá kí o bá a gé orúkọ náà kúrú. Ohun tó yẹ ni pé kí o fa ìlà kan kọjá nínú témpílétì, ìlà tí ẹsẹ̀ lẹ́tà yóò dúró lé. Gbogbo orúkọ, èyí tó ní àmì àti èyí tí kò ní, orí ìlà yẹn ni kí ẹsẹ̀ wọn wà. Láti òsì sí ọ̀tún, jẹ́ kí kọ̀ǹpútà wá àárín fún ọ. Láti òkè sí ìsàlẹ̀, ìlà rẹ ni kí o tẹ̀ lé, má tẹ E mọ́. Ibi tí o máa fa ìlà náà sí, fi lẹ́tà ńlá kan tí kò ní àmì wá a, H fún àpẹẹrẹ: gbé H sáàárín àpótí rẹ ní ìwọ̀n tí o fẹ́ lò, fa ìlà sí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, kí o sì pa H náà rẹ́. Bí o bá ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan nínú témpílétì, ó ti wà níbẹ̀ títí láé.

Irú lẹ́tà tí o yàn ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ lẹ́tà aláràbarà tí wọ́n ń lò fún ìwé ìpè ìgbéyàwó kò mọ ọ̀ àti ẹ́ wa. Àmì á fò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí àpótí òfìfo hàn níbi tó yẹ kí lẹ́tà wà. Noto, Charis SIL àti Gentium mọ̀ ọ́n kọ, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n. Bí oníbàárà bá tẹnu mọ́ lẹ́tà aláràbarà kan, kọ orúkọ náà láìsí àmì, sọ ọ́ di ìlà, kí o wá fi ọwọ́ ya àmì rẹ̀ kí ó nípọn bíi ti lẹ́tà náà. Àmì tó bá tín-ín-rín jù, lésà á jó o pa tàbí kí ó dà á pọ̀ mọ́ lẹ́tà tó wà lókè rẹ̀. Kí o sì tó gbé fáìlì náà kúrò lórí kọ̀ǹpútà rẹ, sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ di ìlà: Ctrl àti Q ni nínú CorelDRAW. Bí o kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà tí kò ní irú lẹ́tà yẹn á fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ á yí padà, àárín tí o ti wá á sì sọnù. Ní ti àmì ohùn, má ṣe méfò. Ní kí ẹni tó ni iṣẹ́ kọ orúkọ náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ orúkọ àwọn àgbà Ìkálẹ̀ ni ọmọ tó dàgbà sí Èkó kò mọ̀ ọ́n pè dáadáa, òbí rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n.

Ojú kọ̀ǹpútà ti dára tán báyìí. Ó ku orí ẹ̀rọ. Má gbé kíhódà kalẹ̀ lórí ẹ̀rọ lásán kí o máa fi ìka sún un. Mú páálí tó nípọn tàbí pákó MDF mìlímítà mẹ́ta, lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí ẹ̀rọ kó má lè mì. Gbé ìlà témpílétì bọ́ sí ìpele tó ń gé fún ìgbà díẹ̀, kí o jẹ́ kí ẹ̀rọ gé ihò tó rí bíi kíhódà sára pákó náà. Yọ ohun tó gé kúrò, má ṣe yọ pákó. Dá témpílétì padà sí T1. Kíhódà á wọ inú ihò náà rẹ́gí, nítorí iná lésà fúnra rẹ̀ ti jẹ díẹ̀ lára etí ihò. Bí ó bá ṣì há jù, fi mìlímítà 0.2 kún ìlà náà kí o tún un gé. Ẹ̀rọ tó gé ihò náà ló máa fín orúkọ náà, nọ́ńbà kan náà ló sì ń lò fún méjèèjì. Àṣìṣe ọwọ́ ènìyàn kò ráyè wọlé mọ́. Fi kíhódà sí i, fín, yọ ọ́, fi òmíràn sí i.

Ìyẹn dúró lórí pé kí ẹ̀rọ máa bẹ̀rẹ̀ láti ojú kan náà. O mọ bí iná ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Orí jẹnẹrétọ̀ àti ínfátà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣiṣẹ́, epo sì lè tán láàárín iṣẹ́. Bí iná bá lọ, ẹ̀rọ á gbàgbé ibi tó wà. Bí tìrẹ bá ní súìtì kékeré ní igun tó fi ń mọ ilé, ìyẹn ojú tó ti ń bẹ̀rẹ̀, yan Absolute Coords nínú LightBurn, kí o sì ní kó lọ sílé kí iṣẹ́ tó tẹ̀ síwájú. Gbogbo nọ́ńbà á padà sí àyè wọn. Bí kò bá ní súìtì náà (ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kékeré olówó pọ́ọ́kú ni kò ní in), ibi tí orí ẹ̀rọ wà nígbà tí iná dé ni yóò kà sí òdo. Nítorí náà, kan igi kékeré méjì mọ́ igun kan tí orí ẹ̀rọ lè fi ara tì, kí o máa fi ọwọ́ tì í lọ síbẹ̀ kí o tó tan án, lójoojúmọ́, láìfi ìgbà kan sílẹ̀. De ẹsẹ̀ ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ mọ́ tábìlì pẹ̀lú, kí ọmọdé tó sáré kọjá má lè sún un.

Kí iná gidi tó tàn, tẹ Frame. Orí ẹ̀rọ á rìn yí ibi tó fẹ́ fín ká láìjó nǹkan, ojú rẹ á sì rí bóyá ó wà nínú kíhódà. Lẹ́yìn ìyẹn, lẹ téèpù oníbébà mọ́ ojú kíhódà àkọ́kọ́, kí o fi agbára kékeré fín in. Bí ó bá yẹ̀, téèpù lo ṣí kúrò, pákó kò mọ nǹkan kan.

Bí iṣẹ́ bá pọ̀, kò sí ìdí láti máa fi kíhódà sí i ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹyọ témpílétì kan tó ti péye ni kí o sọ di púpọ̀ pẹ̀lú Grid Array, ní àlàfo tó dọ́gba, kí o gé gbogbo ihò wọn sára pákó kan náà. Bí orúkọ bá yàtọ̀ síra, gba orúkọ lórí WhatsApp, kó wọn sínú tábìlì Excel, fi í pamọ́ bíi CSV. LightBurn lè máa mú wọn láti inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ka orúkọ náà pẹ̀lú oníbàárà kí o tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ara rẹ ńkọ́? N kò ní gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ jígí tí wọ́n ṣe fún irú ìmọ́lẹ̀ tí ẹ̀rọ rẹ ń lò: ti búlúù tó jẹ́ nanometer 450 yàtọ̀ sí ti CO2. Má ṣe fín ike PVC, má ṣe fín awọ àtọwọ́dá tí o kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Èéfín wọn ní chlorine, ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó sì ń mú ẹ̀rọ dípẹtà. Má fi ẹ̀rọ sílẹ̀ nígbà tó bá ń jó nǹkan, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú kan. Bí ilé yín bá sì jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń yan púpurú, gbé ẹ̀rọ jìnnà sí ààrò, kí èéfín má lẹ̀ mọ́ lẹ́ńsì rẹ̀. Lẹ́ńsì tó dọ̀tí ń tú ojú iná ká, lẹ́tà á wá nípọn, àmì abẹ́ rẹ̀ á sì dí.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Fi àwòrán iṣẹ́ ránṣẹ́ sí oníbàárà kí o tó fín nǹkan kan, pẹ̀lú ìlà témpílétì yí i ká, kó lè rí ibi tí orúkọ máa jókòó sí. Bí ó bá jẹ́ àgbàlagbà, má kàn fi í ránṣẹ́, pè wọ́n, kúnlẹ̀ sórí fóònù, ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo àmì orí orúkọ yìí fún mi." Wọn á fẹ́ràn rẹ fún un. Owó témpílétì àkọ́kọ́ yàtọ̀ sí owó fínfín. Gbà á, má tijú, nítorí ọpọlọ rẹ ló ṣe é. Lẹ́yìn náà, sọ fáìlì náà ní orúkọ tó sọ ohun tó jẹ́ àti ìwọ̀n rẹ̀, kí o kọ orúkọ kan náà sára pákó oníhò rẹ̀, kí o gbé pákó kọ́ sára ògiri, kí ẹ̀dà fáìlì sì wà níbi méjì. Nígbà tí oníbàárà mìíràn bá dé lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè tó ń fẹ́ ọgọ́rùn-ún kíhódà fún Sátidé, o kò ní wọn nǹkan kan mọ́. Wàá gbé pákó kalẹ̀, wàá yí orúkọ padà, wàá bẹ̀rẹ̀.

Lọ́la, kí o tó ṣí ṣọ́ọ̀bù fún ẹnikẹ́ni, mú kíhódà tó ń tà jù lọ lọ́dọ̀ rẹ, wọ̀n ọ́n, ya témpílétì rẹ̀, kí o gé pákó rẹ̀. Ti ife àti ti bírò lè dúró di ọjọ́ mìíràn.